Ilẹ̀kùn Yàrá Màmá

Bíríkìlà ni ẹ̀gbọ́n mi, káfíńtà sì ni èmi. Nígbà tí màmá wa kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, a fẹnu kò láti kọ́ yàrá kan fún un nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á mọ ògiri, èmi á kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ló di wàhálà oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í lo okùn. Àwọn bíríkìlà yòókù máa ń so irin mọ́ okùn, wọ́n á jù ú sísàlẹ̀ láti mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Tirẹ̀ yàtọ̀: á di ojú kan, á fi èkejì wo ògiri, ó parí.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń mọlé. Okùn wo ló fẹ́ kọ́ mi?"

Mo gbé ilẹ̀kùn dé, kò wọlé. Mo fá a, ó wọlé, kò padé. Mo tún fá a, ó padé, kò wá ṣí mọ́ àfi téèyàn bá fi èjìká tì í. Mo yọ́ lọ mú okùn. Ògiri ti fì sápá òsì tó ìbú ìka méjì! Inú bí mi, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ògiri yìí wọ́."

"Ìwọ tí mo pọ̀n dàgbà lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Ẹ sáà wo okùn."

"Okùn ẹ ló wọ́."



Màmá ń gbọ́ wa láti orí bẹ́ẹ̀dì tí a ti gbé sínú yàrá náà fún un. "Ẹ yọ ilẹ̀kùn náà, ẹ ta kọ́tìnnì síbẹ̀ fún mi. Kí ni mo ní tólè fẹ́ jí?"

"Kọ́tìnnì kẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí wọ́n lè máa sọ pé ògiri mi ò gba ilẹ̀kùn?"

Ó yẹ kí n gbè sẹ́yìn Màmá. Ṣùgbọ́n ojúlówó igi ni mo fi kan ilẹ̀kùn yẹn, ọjọ́ mẹ́rin ni mo sì fi gbẹ́ ẹ. Tí mo bá yọ ọ́, èmi ni wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́. "Ilẹ̀kùn mi ò kúrò níbẹ̀," ni mo wí. Màmá mí kanlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀ mọ́jú, igi wú. Láàárọ̀, Màmá fẹ́ lọ tọ̀. Ó fi gbogbo agbára fa ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú sẹ́yìn. Igbe rẹ̀ la gbọ́. A ti ilẹ̀kùn náà títí, kò mira. Ẹ̀gbọ́n mi gbé òòlù ńlá, èmi mú àáké.

"Fọ́ ilẹ̀kùn ẹ!"

"Ẹ fọ́ ògiri yín!"

Bẹ́ẹ̀ la dúró, tí à ń pariwo mọ́ra wa, Màmá sì ń kérora nínú ilé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló já àáké gbà lọ́wọ́ mi, tó la ilẹ̀kùn náà sí méjì.

Egungun ìbàdí ló kán. Dókítà ní Màmá ò ní rìn mọ́.

Kọ́tìnnì ló wà níbẹ̀ báyìí. Tí àlejò bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ní ilẹ̀kùn ni, èmi náà á ki ọwọ́ bọ àpò mú okùn. Màmá kì í dá sí i. Á kàn ní kí ìyàwó ilé bá òun fa kọ́tìnnì náà dí.