Ẹnu Mavis Kò Lè Pè É

"Bí ẹ bá ní ẹ jẹ̀bi lónìí, Mà, adájọ́ á ṣàánú yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tilẹ̀ rí ẹ̀wọ̀n."

Nasreen Akhtar, lọ́yà tí wọ́n yàn fún Mavis Sugden, ló sọ bẹ́ẹ̀. Yàrá kótópó kan nínú ilé ẹjọ́ Bradford ni wọ́n jókòó sí. Mavis gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé. Mo ti jó oúnjẹ rí. N ò dáná sun ilé onílé rí."

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò sunwọ̀n. Ilé pákó tí ẹgbẹ́ àwọn olóko ẹ̀fọ́ àdúgbò ń lò ló jóná nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Mavis bá alága ẹgbẹ́ jà nítorí omi, ó sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé kí iná jó ibẹ̀ kanlẹ̀. Kámẹ́rà tún ya obìnrin kan tó ń sá lọ, tó wọ ẹ̀wù òtútù búlúù bíi tirẹ̀. Ojú obìnrin náà kò hàn. Mavis ní ilé lòun wà, àmọ́ òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Nasreen rán an létí pé oyún inú ọmọbìnrin Mavis ti ń dàgbà. Bí wọ́n bá gbẹ́jọ́ tí wọ́n sì dá a lẹ́bi, inú ẹ̀wọ̀n ló máa wà nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá dé. Mavis ti ife tíì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bí mo bá gbà, ṣé ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ẹnu mi ò lè pè é."

Bí ẹjọ́ ṣe di ti àwọn ará ìlú méjìlá nìyẹn, àwọn tí wọ́n ń ṣà jọ láti sọ bóyá ènìyàn jẹ̀bi. Nasreen ní òun máa kan ilẹ̀kùn gbogbo aládùúgbò. Mavis ní kó fo ti Wilfred Holroyd tí wọ́n jọ pín ògiri, nítorí látìgbà tí wọ́n ti gé igi ápù rẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n ló máa ń wu ìyẹn kó rí òun. Nasreen kò fò ó.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Holroyd wọlé pẹ̀lú táì lọ́rùn, kò wo Mavis. Ó ní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mavis ń kọrin nínú ilé rẹ̀. Òun gbá ògiri, Mavis tún gbóhùn sókè. Orin náà ló ń kọ títí ọkọ̀ panápaná fi kọjá.

Agbẹjọ́rò ìjọba bi í bóyá rédíò ló gbọ́.

"Rédíò tó bá ń kọrin báyẹn, wọ́n á ti dá a padà fún ẹni tó tà á."

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn méjìlá náà. Adájọ́ fi ikọ́ bo tirẹ̀.

Agbẹjọ́rò ìjọba tún bi í pé, "Ṣé ọ̀rẹ́ yín ni?"

"Ọ̀rẹ́ kẹ̀? N kì í kí i. Àmọ́ òótọ́ lòótọ́ ń jẹ́."

Àwọn méjìlá náà kò pẹ́ nínú yàrá wọn. Nígbà tí aṣáájú wọn ní, "Kò jẹ̀bi," Nasreen gbàgbé pé lọ́yà lòun, ó dì mọ́ Mavis. Mavis ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Òjò ń rọ̀ níta. Holroyd ṣílẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí Mavis wọlé. Nígbà tí iná pupa ojú ọ̀nà dá wọn dúró, ó yíjú sí i.

"Igi ápù mi. Ìwọ lo gé e, àbí?"

Mavis wo òjò lára gíláàsì. Ẹnikẹ́ni kò rí i lọ́jọ́ tó gé igi náà.

"Èmi ni, Wilfred. Ó ń dí oòrùn mọ́ mi. Mo jẹ̀bi."

Holroyd mi orí. Ó ní òun ń lọ ra òmíràn lọ́jọ́ Sátidé, kó wá bá òun gbẹ́ ihò rẹ̀. Mavis ní òun á wá, àfi bí ọmọ-ọmọ òun bá ti dé. Iná yí padà, wọ́n sì ń lọ sílé.