Ọ̀fun Àpìkẹ́ Nínú Ààwẹ̀

Ọjọ́ tí Àpìkẹ́ yán lọ́sàn-án ààwẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mùtàlíbù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọjú sí i ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ bàbá wọn l'Óṣogbo. Ó rí ọ̀fun rẹ̀, ló bá figbe ta.

"Bàbá, ẹ wá wò ó! Epo pupa wà lọ́fun Àpìkẹ́! Ó ń jẹun!"

Lùkúmọ̀n télọ̀, bàbá wọn, dá máṣíìnì dúró, ó ní kí ọmọ náà yanu. Lóòótọ́, ẹran kékeré méjì tó wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ wú, wọ́n sì pọ́n bí epo. Bàbá ti gé aṣọ Ìtùnú Ààwẹ̀ Àpìkẹ́ tán, ó kù kó rán an. Ó ká a jọ, ó tì í sábẹ́ máṣíìnì.

"Ẹni tó ń jí epo mu nínú ààwẹ̀ ò ní bá mi lọ sí Yídì."

Ìtìjú pa Àpìkẹ́ ju ebi lọ. Ó fi omi yọ ẹnu títí, àwọ̀ náà ò ṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Àpìkẹ́ ò dákẹ́. Ó ní àfi kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ dókítà n'Íléṣà. Bàbá gbà, Mùtàlíbù náà ní òun á tẹ̀ lé wọn, òun lẹlẹ́rìí.

Dókítà Ògúnṣẹ̀yẹ tan iná sí ọ̀fun Àpìkẹ́, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n padà lọ gbọ́ èsì, ẹ̀rín ló fi pàdé wọn.

"Bàbá, ọmọ yín ò mu epo o. Purotéènì kan wà nínú ara tó dà bí aláàárù, òun ló ń kó ọ̀rá kúrò níbi tí kò yẹ kó pẹ́ sí. Ti Àpìkẹ́ ò ṣiṣẹ́ dáadáa, ni ọ̀rá ṣe jókòó sí i lọ́fun. Ara rẹ̀ le báyìí, àmọ́ a ó máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀."

"Níbo ló ti kó o?"

"Àbínibí ni, lọ́dọ̀ yín àti ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ n wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà."

Mùtàlíbù pa ẹnu dé gbọin.

"Ẹlẹ́rìí, yanu!" ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó yanu. Tiẹ̀ tún pọ́n ju ti àbúrò rẹ̀ lọ.

Àpìkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lùkúmọ̀n náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àánú ọmọ rẹ̀ ni ò jẹ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àpìkẹ́, dárí jì mí. Èmi àti ìyá rẹ la bù ú fún ọ, èmi náà ni mo tún ń pè ọ́ lólè."