Ibi Tí O Gbé Ojú Mi Lọ

"Yọ mí kúrò nínú ẹ̀, Olúfúnmi. Jọ̀ọ́."

Ìyá Fisáyọ̀ ti dìde, ó ti ń wọ kóòtù. Olúfúnmi sáré dá fíìmù náà dúró lójú kọ̀ǹpútà. Oṣù méjì ló ti ń gé e, tó ń tò ó, nínú yàrá rẹ̀ ní Openshaw, nílùú Òyìnbó. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni deadline láti fi í ránṣẹ́ sí àjọ̀dún fíìmù àwọn aláwọ̀ dúdú. Aago kan ti lù.

"Kí ló dé, mà?"

"Wọ́n ní mọ́mì tí mò ń tọ́jú nínú fíìmù yìí ti kú, mo kàn ń ká súwẹ́tà ẹ̀ lọ, àfi bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣé bí mo ṣe burú tó nìyẹn?"

Ìyá Fisáyọ̀ kì í ṣe òṣèré. Iṣẹ́ care, ìtọ́jú àwọn arúgbó, ló ń ṣe ní Crumpsall. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Olúfúnmi ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ibẹ̀ yẹn, gbogbo yàrá ló pa lọ́lọ́. Báwo wá ni ohun tí gbogbo wọn fojú rí ṣe sọnù?

Olúfúnmi dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Mánéjà tó mú ìròyìn ikú náà wá lanu, ojú mánéjà. Ìyá Fisáyọ̀ ní "Okay, sir," ojú Ìyá Fisáyọ̀, fìrí. Ojú mánéjà tún dé.

"Nígbà tí mánéjà ń sọ̀rọ̀, mà, ibo lojú yín wà?"

"Ibi tí o gbé e lọ náà ni."

Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Olúfúnmi ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Àbí òun gan-an ló pa obìnrin yìí lẹ́nu mọ́? Nínú fíìmù mélòó ni àwọn bí Ìyá Fisáyọ̀ ti dúró síbẹ̀, tí ojú kámẹ́rà kàn ré wọn kọjá?

"Ẹ dákun, mà, ẹ fún mi ní ogún ìṣẹ́jú."

Ó fi ohùn mánéjà sílẹ̀, ó yọ ojú rẹ̀ kúrò. Ojú ẹni tó ń gbọ́ ló fi síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé òpin. Ohun tí kò rí láti oṣù méjì sẹ́yìn wá hàn: ọwọ́ Ìyá Fisáyọ̀ dúró lórí súwẹ́tà. Ó tú u sílẹ̀, ó wá ń de bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé òtútù ń mú ẹnìkan nínú ẹ̀.

Ìyá Fisáyọ̀ wò ó tán. Tòun ti kóòtù lọ́rùn, ó rọra jókòó.

"Margaret," ó ní. "Ẹni tí mo rántí lọ́jọ́ tí a ya ibẹ̀ yẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó kú, wọ́n ní kí n bọ́ sí yàrá kejì, kí n lọ tọ́jú ẹni tó kàn. Kò sẹ́ni tó bi mí bó ṣe rí lára mi."

Olúfúnmi yí àga rẹ̀ kúrò níwájú kọ̀ǹpútà, ó sì ń wo ojú ìyá náà, kò gbé ojú kúrò.