Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Helen

Nígbà tí ìyá Ayọ̀kúnlé ránṣẹ́ láti Ìkọ̀yà pé òun ń bọ̀ wá wo ilé tí ọmọ òun ti fẹ́ gbé ìyàwó, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu Títíladé mọ́. Ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Helen ìyá rẹ̀ ń ṣe pupuru, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń mọ yan, tí wọ́n ń rò jẹ bí ẹ̀bà, ní Òkìtìpupa. Tẹ́lẹ̀, pupuru rẹ̀ máa ń rí rogodo bí ọsàn lórí àjà iná. Ṣùgbọ́n oríkèé ìka rẹ̀ wú, wọ́n ń le gbagidi láàárọ̀, pupuru wá ń rí pẹlẹbẹ bí ohun tí èèyàn jókòó lé. Dókítà ní irú làkúrègbé tí ara fúnra rẹ̀ ń bá oríkèé jà ni. Ó bi í bóyá ẹnìkan ní in nínú ìdílé. Helen rántí ìyá rẹ̀ ní Àyèká, ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dókítà ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí òbí lè fún ọmọ, tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó jogún rẹ̀ ni àrùn náà kì í ṣe rárá.

"Jogún" nìkan ni Títíladé gbọ́. Ó bẹ ìyá rẹ̀ kó fi ọwọ́ pamọ́. Bàbá rẹ̀, Alàgbà Jethro, ní òun kò ní purọ́ fún èèyàn. Wọ́n ní kó sáà dákẹ́. Ó gbà.

Àlejò dé lọ́sàn-án Sátidé, ó fi ìborùn bo ara dé orí ìka nínú ooru. Helen náà bora. Wọ́n fi orúnkún àti orí kí ara wọn. Títíladé gbé pupuru àti ọbẹ̀ marúgbó wá. Helen rí abọ́, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Ojú àlejò tàn bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

"Èmi náà ń gbààwẹ̀," ló wí.

Jethro wo ìyàwó rẹ̀. Òun ló ra àkàrà tí Helen jẹ láàárọ̀. Ó la ẹnu, Títíladé húkọ́, bàbá rẹ̀ pa á dé.

Àlejò wá béèrè jẹ́jẹ́ bóyá nǹkan kan wà ní ìdílé wọn tó yẹ kí òun mọ̀. Kíá, Helen ní kí Jethro gbàdúrà. Kò rántí pé ọkọ òun lè dákẹ́ níwájú èèyàn, ṣùgbọ́n kì í dákẹ́ níwájú Ọlọ́run.

Jethro gbàdúrà fún òjò, fún àwọn tíṣà, fún onírìn-àjò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Olúwa, dárí àkàrà àárọ̀ yìí ji Helen. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, má jẹ́ kó dé ọwọ́ Títíladé."

Títíladé di ojú pinpin. Ìgbéyàwó ti bàjẹ́.

"Àmín," àlejò dáhùn. "Èyí tó wà lọ́wọ́ tèmi náà, Olúwa, má jẹ́ kó dé ọwọ́ Ayọ̀kúnlé."

Gbogbo wọn lajú kí àdúrà tó parí. Àlejò ti ká ìborùn sókè. Ìka rẹ̀ rí kókó-kókó bí ata ilẹ̀. Helen yọ tirẹ̀ jáde. Wọ́n gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn lórí ti ta ló burú jù.

Jethro ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dókítà: ó lè dé, ó sì lè má dé. Títíladé fi ẹ̀rù béèrè nípa àwọn ọmọ tí òun àti Ayọ̀kúnlé máa bí, tí àrùn náà lè ti ọ̀dọ̀ ìyá wá bá, tó tún lè ti ọ̀dọ̀ bàbá wá.

Ìyá Ayọ̀kúnlé dá a lóhùn: "Ẹ ò kúkú ní bá ara yín jà lórí ilé tó ti wá. Bó bá sì dé, àwa méjèèjì la máa sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Ó fa abọ́ mọ́ra. Pupuru ti tutù, ó ti le, kò lè bù ú. Helen náà kò lè bù ú. Títíladé kúnlẹ̀ sáàárín wọn, ó ń bù ú, ó ń fi í sínú ọbẹ̀, ó ń fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyàwó mi," ni àlejò wí, "ìka rẹ wọ̀nyí ni mo wá tọrọ."

Jethro rọra béèrè nípa ààwẹ̀. Ẹnu wọn kún.