Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Sinmi

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1893, ibà pa Anselm Kranz ní Filadẹ́fíà ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń ta ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù tí bàbá rẹ̀ ń rọ ní Jámánì.

Bàbá náà, Leberecht, wọkọ̀ ojú omi wá, láti mọ̀ bóyá kí òun ti ṣọ́ọ̀bù ọmọ òun pa. Àgbẹ̀ kan, Amos Stoltz, wá wo ọjà. Leberecht tan ẹ́ńjìnnì láìgbé iṣẹ́ kankan fún un, bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí lọ láìjó epo, ó tún dún.

"Bàbá, nǹkan yìí ń kú lọ."

"Kò síṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi jẹun. Epo yín ló ń bá yín ṣọ́."

"Èyí tí ọmọ yín fi hàn mí kì í sinmi. Ó ti so ó mọ́ ayùn kí n tó dé, ó ń la pákó láìdákẹ́."

"Òun náà nìyí."

"Ẹ lọ tan ọmọdé, Bàbá."

Amos dé fìlà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Leberecht. Ṣé ọmọ tó fi ìsinmi ẹ́ńjìnnì, ìwà rẹ̀ tó dára jù, pamọ́ ló gbọ́n ni, àbí òun tó fi í hàn? Ẹni tí ì bá bi léèrè ti wà nínú ilẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kò sì mọ̀ bóyá òun yóò tún un ṣí. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni bàtà iṣẹ́ Anselm, páìpù tábà, sípánà mélòó kan, àti ẹ́ńjìnnì mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà.