Bóásì Ń Wo Ojú Olówó Rẹ̀

Ọláìtán kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún Mabel. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà kọ́kọ́ wá láti Yábàá, tó ní òun fẹ́ kí Bóásì, akọ ajá Ọláìtán, gun abo ajá òun tó ń jẹ́ Sísí, ó ti sọ fún un pé, "Àbúrò mi, n kò ní tàn ọ́. Ajá mi kò tíì mọ abo rí. Bí Ádámù ṣe wà kí oorun ìjìkà tó kùn ún ni òun náà ṣe wà."

Mabel rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, Sísí ti bímọ lẹ́ẹ̀kan. Á kọ́ ọ."

Síbẹ̀, Ọláìtán kò gbà kí wọ́n pàdé títí Dókítà Jameelah, tó ń tọ́jú ajá ní Sùúrùlérè, fi yẹ àwọn méjèèjì wò. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó tẹ egungun ìbàdí wọn, ó rí i pé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ó ní kí wọ́n mú Sísí wá bá Bóásì, nítorí akọ tí kò tíì mọ iṣẹ́ náà, ilé ara rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Ọláìtán kò béèrè owó. Ọmọ kan ṣoṣo ló fẹ́ gbà, tí Sísí bá bí, kó lè mú un lọ fún ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ajá ìyá náà, Adúmáadán, ti kú nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Bóásì nìkan ló sì kù nínú àwọn ọmọ tó bí. Ìrọ̀lẹ́ kò ní lọ kí màmá má pè. "Ọláìtán, ilé dákẹ́ o." Bẹ́ẹ̀ sì ni Mabel ń kó lọ sí Abẹ́òkúta, àsìkò tí Sísí ń gba akọ sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Bí kò bá bọ́ sí i báyìí, ó di kí ilé màmá máa dákẹ́ lọ.

Wọ́n mú Sísí dé ilé Ọláìtán ní Ìpọ̀nrí ní àárọ̀ Sátidé, Dókítà Jameelah sì bá wọn wá. Àwọn ajá méjèèjì sáré kiri ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi imú kan ara wọn. Nígbà tó yá, Sísí dúró, ó yí ìrù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bóásì gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè. Ló bá yíjú, ó wo ojú Ọláìtán, ó sì lọ dùbúlẹ̀.

Ó tún gbìyànjú. Ó tún wo ojú olówó rẹ̀. Ó tún dùbúlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ajá yìí ń gbààwẹ̀ ni?" ni Mabel wí. "Akọ kan wà ní Mushin tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni."

"Ṣé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyẹn wò?" ni Dókítà bi í.

Dókítà wá kọjú sí Ọláìtán. "Bàbá, bí Bóásì bá gun nǹkan nílé, kí lẹ máa ń ṣe?"

Moyọ̀sọ́lá ìyàwó Ọláìtán ló dáhùn láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ sọ fún wọn nípa ẹsẹ̀ àlùfáà!"

Kò sí ibi tí yóò sá sí, ló bá rò ó fún wọn. Nígbà tí Bóásì wà ní kékeré, àlùfáà ìjọ wọn wá gbàdúrà sí ilé. Bí gbogbo wọn ti dijú, Bóásì gbá ẹsẹ̀ àlùfáà mú lórí aṣọ funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ tìmùtìmù àga ló gùn, Ọláìtán á pariwo pé, "Bóásì! Ẹ̀ṣẹ̀!" á sì tì í síta.

"Àní nísinsìnyí gan-an," ni Dókítà wí, "bó ṣe gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ wúkọ́."

"Èmi?"

"Ẹ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bàbá, ẹ̀yin ni òfin tó ń dá a lẹ́bi. Ẹ wọlé lọ."

Ojú Ọláìtán tì í. Ajá kò ṣẹ̀. Òfin tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ń pa mọ́. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó kọjú sí ògiri. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin.

"Ẹ má kọrin o!" ni Moyọ̀sọ́lá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ohùn yín ló ń bà á lẹ́rù."

Ó wá ń gbàdúrà nínú ọkàn. Ó rántí pé Ẹlẹ́dàá súre fún ẹja àti ẹyẹ pé kí wọ́n máa bí sí i. Ó bẹ̀ Ẹ́ kó jọ̀ọ́ ka ajá Ìpọ̀nrí mọ́ wọn.

Mabel lọgun lẹ́yìnkùlé. "Yéè! Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra o! Ẹ gbé omi wá!"

"Omi kẹ̀?" ni Dókítà dáhùn. "Ẹni tó bá da omi sí wọn, èmi náà á da omi sí i lára. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Di Sísí mú, kó má fa ara rẹ̀ já."

Ọwọ́ Ọláìtán ti dé ara kọ́kọ́rọ́. Moyọ̀sọ́lá fa ẹ̀wù rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ jókòó, olùpa òfin mọ́."

Nígbà tí àwọn ajá ti túra ká fúnra wọn, Dókítà pè é. Bí Bóásì ṣe rí i, etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀. Ọláìtán kúnlẹ̀ sínú yanrìn, ó fọwọ́ pa á lórí.

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ mi. O káre."

Bóásì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù.

Mabel ti kó lọ tán nígbà tó pè wọ́n láti Abẹ́òkúta pé dókítà ibẹ̀ ti yẹ Sísí wò, oyún wà. Kíá ni Ọláìtán pe ìyá rẹ̀, ó jẹ́ kí ohùn fóònù jáde síta, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí ikọ́ tó wú.

Màmá rẹ́rìn-ín títí. "Ọ̀dọ̀ rẹ ló ti kọ́ ọ! Ọjọ́ tí Moyọ̀sọ́lá kọ́kọ́ wá kí wa, ǹjẹ́ o la ẹnu kí èmi àti bàbá rẹ tó jáde fún yín?"

"Ẹ tún un sọ, Màmá!" ni Moyọ̀sọ́lá ké láti ilé ìdáná.

Ọláìtán wúkọ́. Bóásì, tó nà gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà, la ojú kan wò ó, ó sì tún pa á dé.