MI O GBO

4.

…nítorí náà, kò sí òkú kankan nínú ẹ̀rọ náà. Ẹ ti fura. Ẹni tó tà á fura. Ẹni tó gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà wa fura. Páálí rẹ̀ pàápàá fura, torí wọ́n kọ ọ́ sí ìdí páálí pé ohun ìṣeré ni, ní lẹ́tà tíńtìntín.

Bàbá mi nìkan ni kò fura. Bàbá mi kì í ka lẹ́tà tíńtìntín. Ní gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà ni wọ́n ń tẹ̀wé fún un, kó má baà kọsẹ̀ níwájú orílẹ̀-èdè.


5.

Iṣẹ́ rẹ̀: òǹkàròyìn rédíò, tó ti fẹ̀yìn tì.
Orúkọ tí àdúgbò ń pè é: Ohùn.
Bó ṣe ń bèèrè iyọ̀ nídìí oúnjẹ: bí ẹni tó ń kéde pé ìjọba ti ṣubú.
Ẹni tó kú: ìyàwó rẹ̀, aránṣọ.
Ẹni tó ń kọ èyí: ọmọ wọn obìnrin. Nígbà mìíràn, màá pè é ní "ọmọ náà" dípò "èmi". Ó máa ń rọrùn báyẹn.


6.

Ohun tí Bàbá mi ń wá nìyí. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó má di àlọ́.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn nílé ìwòsàn, ó tẹ̀ ba lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹnu sí etí màmá mi, ó sì tọrọ àforíjì. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Ohùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́! Èmi tí mo wà nídìí fèrèsé kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé àforíjì kí ni. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n."

Màmá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Ṣé ẹ̀rín "mo ti dárí jì yín" ni? Àbí ẹ̀rín tí à ń rín sí àlejò tí kò tètè lọ?

Ìbéèrè kan ṣoṣo. Nítorí rẹ̀ ni tábìlì ìránṣọ màmá mi ṣe di ibi tó dà yìí.


7. ÀWỌN Ẹ̀RỌ, BÍ WỌ́N ṢE TÒ SÓRÍ TÁBÌLÌ

— Ẹ̀rọ tó ń wọn agbára iná. Wọ́n ní bí ẹ̀mí bá wà nítòsí, á tàn pupa. Ìdí fíríìjì ló máa ń tàn pupa sí. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, àárín ẹyin àti omi tútù ni gbogbo baba ńlá wa wà.

— Ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù. Ẹ̀mí a máa mú yàrá tutù. Fèrèsé náà a máa mú un tutù.

— Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. O máa bèèrè ọ̀rọ̀, o máa wá dákẹ́, kí òkú lè ráyè fèsì. Nínú gbogbo ohun tó gbà sílẹ̀, kò síbi tí Bàbá mi ti dákẹ́ tó bó ṣe yẹ.

— Àpótí Ọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ dà bíi ti fóònù. Wọ́n ní ẹ̀mí máa ń to lẹ́tà jọ sójú rẹ̀. Òun ni páálí ń fura sí.


8.

Alága Ẹgbẹ́ Abẹ́mìísọ̀rọ̀ ló wá fi bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n hàn wá. Oníṣègùn eyín ni. Iṣẹ́ yẹn bá èyí mu: ó ti pẹ́ tó ti ń bi àwọn tí kò lè fèsì léèrè ọ̀rọ̀, tó sì ń bá wọn dáhùn.

Ó ní òru ni ẹ̀mí ń rìn. Bàbá mi ní òun kì í pẹ́ sùn.

Wọ́n fẹnu kò sí ọ̀sán. Wọ́n fa kọ́tìnì.


9. [Láti inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Yàrá ìránṣọ.]

ALÁGA: Ẹ kú ọ̀sán o, gbogbo ẹ̀yin ará ọ̀run. A ò bá tìjà wá.

BÀBÁ: Alága, ìyàwó mi nìkan ni mo pè. Ẹ má kó èrò wá bá mi.

ALÁGA: Ẹ má bínú, sà. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìyẹn. Ó yá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

BÀBÁ: (ó wúkọ́) Ẹ kú ọ̀sán, ẹ sì kú ìkàlẹ̀ sí—

ỌMỌ: Dádì, ẹ ò sí lórí afẹ́fẹ́.

BÀBÁ: Mo mọ ibi tí mo wà! … Ìyá ọmọ mi. Èmi ni. O mọ ohùn mi.

(Fíríìjì ń kùn láti yàrá kejì.)

BÀBÁ: Lọ́jọ́ yẹn, nílé ìwòsàn. Ohun tí mo sọ fún ọ. Kí lo fẹ́ fi dá mi lóhùn?

ALÁGA: Ó ń kọ ọ́! Ó ń kọ ọ́ o!

ỌMỌ: Ẹ rọra, sà. Ìgbọ̀nwọ́ yín ló ń mi tábìlì.

BÀBÁ: Kí ló kọ?


10.

            M I     O     G B O


11.

Àwọn tó ṣe àpótí náà kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè gòkè kó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Kò sí àmì lórí. Kò sí àmì nísàlẹ̀. Ìhòòhò ni wọ́n ń bí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n sì wá fi èyí dán wò ni Bàbá mi, tó lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde nílé iṣẹ́ rédíò nítorí pé ó ka "ọkọ̀ ààrẹ ti dé" sí "ọkọ ààrẹ ti dé". Ọkùnrin sì ni ààrẹ.

Ó mú pẹ́ńsù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n wọṣọ fún un."


12. [Bákan náà.]

ALÁGA: Mi ó gbọ́. Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́ dípò "màá". Ọjọ́ iwájú ló ń sọ, sà. Ó ní òun ó gbọ́. Sùúrù ló kù.

BÀBÁ: Rárá o. Ìyàwó mi kì í sọ "mi ó". Ẹ gbé e fún mi. (Pẹ́ńsù.) Mi ò gbó. Ẹ wò ó! Ó ní òun ò gbó. Wọn kì í gbó níbẹ̀. Bí mo ṣe gbé e níyàwó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà. Ó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni.

ALÁGA: Háà! Ọ̀rọ̀ jinlẹ̀.

ỌMỌ: Èyí tó kù ńkọ́?

BÀBÁ: Èwo ló kù?

ỌMỌ: Mi ò gbọ́.

(Ẹ̀rín Bàbá. Ẹ̀rín Alága tẹ̀ lé e.)

BÀBÁ: Èmi yìí? Kí ẹnì kan ní òun ò gbọ́ mi?

ALÁGA: Wọn ò tíì bí i, sà. Inú ilé ìdáná ni ìyá tèmi ti máa ń gbọ́ yín, tí rédíò sì wà ní pálọ̀ aládùúgbò.

BÀBÁ: Ṣé o rí i? Gbọ́, ìwọ ọmọ yìí. Ìyá rẹ ò bi mí rí pé "kí lẹ wí?" Àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bi ara rẹ wò.

ỌMỌ: Mo mọ̀, sà.


13.

Òótọ́ ni. Kò bi í rí.


14. OHUN TÍ BÀBÁ MI MÁA Ń SỌ FÚN ÀLEJÒ NÍPA ÌYÀWÓ RẸ̀

Pé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu.

Pé bí òun bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu òun ló máa ń wò, bí ẹni pé oyin ń kán níbẹ̀.

Pé kì í jẹ́ kí ohùn jáde nínú tẹlifíṣọ̀n tó bá ń wò. Ọ̀wọ̀ ni. Kò fẹ́ kí ohùn ọkùnrin mìíràn wọlé òun.

Pé bí òun bá ń ka ìwé ìròyìn sókè, tí ìwé bo òun lójú, ńṣe ló máa dìde, tó máa rọra fi ìka kan tẹ ìwé náà wálẹ̀. Ìfẹ́ nìyẹn. Ojú òun ló fẹ́ rí.

(Àlejò á ní: háà, wọn ò dá irú wọn mọ́.)


15. [Fóònù mi. Àǹtí ni àbúrò màmá mi.]

ÀǸTÍ: Wọ́n ní bàbá ẹ ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀

ÈMI: Àpótí ni, Àǹtí

ÀǸTÍ: Ògiri sàn. Ògiri kì í gbowó. Àpótí ọ̀hún dáhùn?

ÈMI: Mi o gbo

ÀǸTÍ: O ò gbọ́ kí ni? Mo ní ṣé àpótí dáhùn

ÈMI: Ohun tó fi dáhùn nìyẹn. Mi o gbo

        (Àǹtí ń kọ̀wé.)
        (Àǹtí dúró.)
        (Àǹtí ń kọ̀wé.)

ÀǸTÍ: Ta ló sọ fún un

ÈMI: Kò sẹ́ni tó sọ fún Dádì

ÀǸTÍ: Mi ò sọ bàbá ẹ. Àpótí ni mò ń bi ẹ́. Ta ló sọ fún àpótí


16.

Ẹ̀rọ tó ń wọn iná tún tàn, kò sì sí nídìí fíríìjì. Agolo bọ́tìnì màmá mi ló tàn pupa sí.

Alága tú agolo sórí tábìlì. Bọ́tìnì. Abẹ́rẹ́. Ẹfun aránṣọ. Ohun kékeré kan tó ká kò bí ìkarahun ìgbín, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí awọ ara.

"Kí lèyí?"

"Ara ẹ̀rọ ìránṣọ ni," Bàbá mi wí, bí ẹni tó ń ka àkọlé ìròyìn. "Abẹ́ ibi tí òwú ń gbà ló máa ń wà. Mo ti rí i níbẹ̀ rí."

Alága mi orí. Ó ní ẹ̀mí fẹ́ràn ohun èlò iṣẹ́ wọn.

Ọmọ náà kó gbogbo rẹ̀ padà. Ó dé agolo.


17.

Bàbá mi ti rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ti ní wọn ò tíì bí ẹni tí kò ní gbọ́ òun.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọlé.


18. ÌKÉDE
(wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀)

SÍ ẸNI TÓ Ń GBÉ LÓKÈ: Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ DÍN OHÙN KÙ. GBOGBO ILÉ YÌÍ TI GBỌ́ ÌBÉÈRÈ YÍN. Ọ̀PỌ̀ NÍNÚ WA TI DÁRÍ JÌ YÍN. Ẹ JẸ́ KÍ ÀWỌN ỌMỌ SÙN LỌ́SÀN-ÁN.
— Àwọn ayálégbé

(nísàlẹ̀, pẹ̀lú báírò mìíràn)
Ohùn yín ṣì dùn o, sà.

Bàbá mi fi síṣọ́ọ̀sì gé ìlà tó kẹ́yìn yẹn. Ó fi í sínú àpò àyà. Ó fi èyí tó kù sílẹ̀ níbi tó wà.


19.

            M I     O     G B O

                        M I     O     G B O

     M I     O     G B O


20.

Alága ní bátìrì ni.

A pààrọ̀ bátìrì.

Alága ní aláìsàn kan ń retí òun nílé iṣẹ́, eyín rẹ̀ ń dùn ún. Kò padà wá.


21.

Ẹ má rò pé inú ń bà mí jẹ́. Mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́, màá bọ́ bàtà, màá gbọ́ ìbéèrè náà láti orí àtẹ̀gùn. Màá gbé omi kaná. Ọmọ náà á jókòó ti tábìlì, á máa ka bí òwú ṣe tò: funfun, dúdú, àwọ̀ ewé, funfun.

Bàbá mi kò fi àmì sí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Pẹ́ńsù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ohùn rẹ̀ ti ha. Ó ń sọ̀rọ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn báyìí.


22. [Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pa á.]

BÀBÁ: Ìwọ wà níbẹ̀.

ỌMỌ: Ìdí fèrèsé ni mo wà.

BÀBÁ: O rí i tó rẹ́rìn-ín.

ỌMỌ: Mo rí i.

BÀBÁ: Àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, o rí i. Gbogbo wọn ló mọ̀ mí. Mi ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè. Mo ní kí n sọ ọ́ sí i létí.

ỌMỌ: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

BÀBÁ: Má dá mi lóhùn bí ìyá rẹ. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Mò ń bi ọ́ ni. Ṣé ó gbọ́?

ỌMỌ:


23.

Ó pẹ́ tí èyí ṣẹlẹ̀. Màmá mi àti ọmọ náà ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n jókòó sẹ́yìn takisí, ohun kékeré tó ká kò bí ìkarahun ìgbín náà wà lọ́wọ́ màmá mi. Màmá mi yí ojú ọmọ náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ọmọ náà bi í pé báwo la ṣe máa sọ ọ́ fún Dádì.

Màmá mi wo ẹnu ọmọ náà títí tó fi parí ọ̀rọ̀. Ó ní:

"Má sọ fún un o. Ohùn nìkan ló ní."


24.

ỌMỌ:


25.

Adití ni màmá mi.